Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ìpolówó ọjà: ẹ̀yin lẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ ó ṣọ́ ọ

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, níbikíbi tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà àwọn oníbàárà.

Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Bí ìwífún àwọn oníbàárà bá jò síta nílé iṣẹ́, àwa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, àwa náà ni wọ́n sì máa ń bi pé, "Báwo lẹ ṣe jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀?" Ìbéèrè náà tọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Àwa kọ́ la ní kí oníbàárà kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kó tó lè gba ẹ̀dínwó. Àwa kọ́ la kó orúkọ gbogbo ènìyàn sínú fáìlì Excel kan tá a sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ gbà, ìdí tí ẹ fi gbà á, àti ibi tí ẹ kó o sí. Bí ẹ̀yin kò bá mọ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, tí n kò kọ ọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹni tó gba ìwífún lọ́wọ́ ènìyàn ló ni iṣẹ́ ìṣọ́ rẹ̀, kò sì ṣeé tì sọ́rùn ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dà bíi pé kò tó nǹkan. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ilé ìwòsàn 56 Dean Street nílùú London fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn 781. Irú iṣẹ́ tí ẹ̀ka yín ń ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gba lẹ́tà náà ló ní kòkòrò HIV lára. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kó gbogbo àdírẹ́sì ímeèlì sínú àpótí "To" dípò "Bcc", èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnì kan rí àdírẹ́sì ẹlòmíì. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ṣí tirẹ̀ báyìí, gbogbo àdírẹ́sì àwọn yòókù ló bá níbẹ̀, 730 nínú wọn ló sì gbé orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé ẹni náà síta gbangba. Ẹ rò ó wò ná. Ènìyàn lè bá orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó lè bá ti aládùúgbò rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun ṣe ń ka tiwọn ni àwọn náà ń ka ti òun. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́: kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ní kí ẹni 781 gbàgbé ohun tí wọ́n ti kà.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2010, lábẹ́ àjọ kan náà tó ni ilé ìwòsàn yẹn, òṣìṣẹ́ kan ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí aláìsàn 17 lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́. Wọ́n tún nǹkan díẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Ní 2016, owó ìtanràn 180,000 pọ́n-ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ tó máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí orúkọ ẹnì kejì, ti wà tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ yín kan bá ṣì ń fi ọwọ́ kó àdírẹ́sì sínú àpótí ímeèlì títí di òní, ẹ fòpin sí àṣà náà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá tọpasẹ̀ fáìlì kan. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín nílò orúkọ àwọn tó ra ọjà lóṣù tó kọjá. Ó wọ ibi tí àkójọ wà, ó sì wa gbogbo rẹ̀ jáde pátá, torí pé àtiyan díẹ̀ nínú rẹ̀ máa gba àkókò: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ ìbí, ohun tí wọ́n rà, iye tí wọ́n san. Ó sọ ọ́ ní "Onibara_gbogbo_TUNTUN2". Ó fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ kó lè parí iṣẹ́ nílé. Ó tún fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín ṣe ìpolówó, torí pé fáìlì náà ti tóbi jù fún ímeèlì. Ẹni tó gbà á níbẹ̀ gbé e sórí Google Drive, ó sì ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì rẹ̀ lè ṣí i, kí ayàwòrán wọn má bàa máa dà á láàmú pé òun kò rí i ṣí. Ìpolówó jáde, ó kẹ́sẹ járí, inú gbogbo yín dùn. Kò sẹ́ni tó tún rántí fáìlì yẹn mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ayàwòrán ti lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ọmọ iṣẹ́ yín ti ta fóònù rẹ̀ fún ẹlòmíì, líǹkì náà ṣì ń ṣí, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ilé àwọn ènìyàn yẹn ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Gbogbo ilẹ̀kùn tí àwa ń tì tọ̀sán-tòru, kò sí ọ̀kan tó kan fáìlì yìí, torí pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde. Bó bá ṣe pé ohun kan péré ni mo lè rí gbà lọ́wọ́ yín, èyí ni màá tọrọ: ẹ má jẹ́ kí wíwa àkójọ oníbàárà jáde jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti fẹ́. Ẹ yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà: ta ló gbà á, kí ló fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ wo ló máa pa á rẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́ yẹn gan-an ló ṣòro jù fún yín, mo mọ̀, torí pé lójú ẹni tó ń polówó ọjà, orúkọ kan tó bá nù dà bí owó tó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tó ọdún márùn-ún tí kò ti ra ohunkóhun lọ́wọ́ yín mọ́, tí kì í tilẹ̀ ṣí ímeèlì yín, kí lẹ ń fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe? Olè nìkan ló wúlò fún.

Àwọn ìgbà kan tún wà tí kì í ṣe àìfiyèsí ló fa wàhálà. Wọ́n jókòó, wọ́n sì pinnu rẹ̀ ni. Láàárín ọdún 2013 sí 2019, ilé iṣẹ́ Twitter ní kí àwọn ènìyàn fún òun ní nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì wọn kí àkáǹtì wọn lè ní ààbò tó péye. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 140 ló gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kan náà yẹn ni wọ́n wá ń lò kí àwọn olùpolówó lè mọ ẹni tí wọ́n máa fi ìpolówó lé lọ́wọ́. Nígbà tó di 2022, mílíọ̀nù 150 dọ́là ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Lójoojúmọ́ là ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà fóònù kún àkáǹtì wọn, kí gbájúẹ̀ má bàa gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu ni wọ́n wá sọ di ọjà. Nígbà tá a bá tún padà lọ bẹ̀ wọ́n, ojú wo la fẹ́ fi wò wọ́n?

Èyí tó tẹ̀ lé e tún burú jù ú lọ. BetterHelp jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn tí ìdààmú ọkàn bá pọ̀ mọ́ àwọn olùgbaninímọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣèlérí fáwọn ènìyàn pé àṣírí ni gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Síbẹ̀, wọ́n kó ímeèlì àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún Facebook, Snapchat àtàwọn mìíràn, kí wọ́n lè bá wọn wá àwọn oníbàárà míì tó jọ wọ́n. Ní 2023, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là. Inú ìwé ẹ̀sùn tí FTC kọ ni mo ti ka ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa: ẹni tí wọ́n fi ṣe olùdarí ohun tí wọ́n máa gbé lọ fún Facebook jẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí kò ṣiṣẹ́ ìpolówó rí, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ní bí a ṣe ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera ẹlòmíì. Mi ò dá ọmọ yẹn lẹ́bi rárá. Ọ̀gá tó gbé e lé e lọ́wọ́ ló yẹ kó dáhùn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹ̀ka yín: ta ló ń tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé àkójọ oníbàárà lọ sí ibi ìpolówó? Ọdún mélòó ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́? Ta ló jókòó tì í kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní?

Mo mọ èsì tí wọ́n sábà máa ń fọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí: pé àwọn kì í fi ímeèlì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, pé àwọn máa ń kọ́kọ́ yí i padà sí àmì tí kò ṣeé kà, èyí tí wọ́n ń pè ní hash. Ìyẹn kò bo ènìyàn láṣìírí. Bí Facebook bá ti ní ímeèlì kan náà lọ́wọ́, tó sì yí i padà lọ́nà kan náà, àmì méjèèjì á bára mu, á sì mọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá lè mọ̀ ọ́n, kò sí ìdí kankan tí ẹ ó fi fi í ránṣẹ́ sí i.

Ó wá kan àwọn kóòdù kéékèèké tí ẹ máa ń ní ká lẹ̀ mọ́ ojú ewé ìkànnì, tó ń kà á fún yín pé ta ló wá àti ohun tó tẹ̀. Lọ́dún 2022, àwọn akọ̀ròyìn The Markup yẹ ìkànnì 100 ilé ìwòsàn tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà wò, wọ́n sì bá Meta Pixel, irú kóòdù bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ni Facebook ṣe, lórí 33 nínú wọn. Bí ènìyàn bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń bá dókítà dá ọjọ́, ìròyìn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ Facebook. Mi ò gbà pé ẹnì kan nínú ilé ìwòsàn yẹn fẹ́ ṣe aláìsàn níbi. Ẹnì kan ṣáà fẹ́ mọ̀ bóyá owó tó ná sórí ìpolówó mú ènìyàn wá ni, ó sì ní kí wọ́n lẹ kóòdù mọ́ gbogbo ojú ewé láìyọ ìkankan sílẹ̀.

Kóòdù tó ti ibòmíì wá lè rí ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ lójú ewé tó bá wà. Ní 2018, kóòdù kan tí wọ́n dọ́gbọ́n yí padà lórí ìkànnì British Airways ń kó nọ́ńbà káàdì àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ju 400,000 lọ, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn. Ní 2024, orúkọ ìkànnì polyfill.io, tí àwọn ìkànnì tó lé ní 100,000 ń gba kóòdù láti ibẹ̀, ti bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun, kóòdù tó ń ti ibẹ̀ wá sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn ènìyàn lọ síbi tí wọn kò fẹ́ lọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó, ká wo kóòdù tó wà lórí ìkànnì yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún wa èyí tí ẹ ṣì ń lò. Èyí tí kò bá lólúwa, a ó yọ ọ́. Ní ojú ewé tí wọ́n ti ń sanwó, àti èyí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìlera, kò yẹ kí kóòdù ìpolówó wà níbẹ̀ rárá, èmi kò sì rí ẹ̀rí kankan tó lè mú mi yí ọkàn padà lórí ìyẹn.

Ẹ tún máa ń gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, ìyẹn kò sì burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí olè wọ Epsilon ní 2011, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn mìíràn fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́, orúkọ àti ímeèlì àwọn oníbàárà báńkì àti ilé ìtajà ńláńlá ni wọ́n kó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2022, wọ́n tan òṣìṣẹ́ Mailchimp, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, jẹ, wọ́n kó àkójọ àwọn oníbàárà Trezor, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́jú owó bitcoin sí, wọ́n wá kọ lẹ́tà sí wọn bíi pé Trezor gan-an ló kọ ọ́: ẹ tètè gba áàpù tuntun yìí, ewu ti dé. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ síbẹ̀, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn tó gba lẹ́tà náà kò mọ Mailchimp rí. Trezor ni wọ́n fún ní ímeèlì wọn. Àwọn tí ẹ sì ń ra àkójọ ímeèlì lọ́wọ́ alágbàtà, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bó ṣe rí i, ẹ jọ̀ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ti àkáǹtì orí ìkànnì ayélujára kò ní gùn. Lóṣù Kẹrin ọdún 2013, wọ́n fi ímeèlì ẹ̀tàn gba àkáǹtì Twitter ilé iṣẹ́ ìròyìn AP, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹbù ti dún ní White House, ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà sì já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Lóṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n gba àkáǹtì àjọ SEC lórí X, orúkọ tuntun tí Twitter ń jẹ́, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò náà gan-an. Àjọ náà ti ní kí wọ́n pa àyẹ̀wò ìgbésẹ̀ kejì rẹ̀, èyí tó máa ń béèrè ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn password, láti oṣù Keje ọdún tó ṣáájú, torí pé ó ń dí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti wọlé, kò sì sẹ́ni tó tún un tàn. Password kan ṣoṣo tí ẹni mẹ́fà jọ ń lò, tí ẹ kò yí padà nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bínú fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yí i padà kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Òfin ti wà. GDPR, òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó ń dáàbò bo ìwífún ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 20 yúrò tàbí ìdá 4 nínú 100 gbogbo owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Kenya ṣe tirẹ̀ ní 2019, ti California bẹ̀rẹ̀ ní 2020, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2023. Lábẹ́ GDPR, ẹni tó bá ní kí ẹ má fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun mọ́, ẹ kò ní àwíjàre kankan, ẹ gbọ́dọ̀ ṣíwọ́. Láti ọdún 2024, Google àti Yahoo náà ti sọ fáwọn tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn lè jáde kúrò nínú àkójọ pẹ̀lú ìtẹ̀ ẹyọ kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìbẹ̀rù òfin nìkan ló máa mú yín ṣe é, torí pé òfin kì í sábà tètè débẹ̀, ẹni tí wọ́n ti kó nọ́ńbà rẹ̀ sì ti ń gba ìpè gbájúẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan yín ju àwa lọ. Bí ohunkóhun bá jò, GDPR fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ ìjọba lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀. Lẹ́tà tó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, ẹ̀ka yín ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ ọ́, torí pé ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ kọ. Mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ààbò yín ṣe jẹ ilé iṣẹ́ lógún tó, á wá rìn yí ká títí tí ènìyàn á fi kà á tán láìmọ ohun tí wọ́n kó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọjọ́ yẹn bá dé, ẹ gbé ọgbọ́n ìpolówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlà àkọ́kọ́: ohun tí wọ́n kó. Ìkejì: ọjọ́ tí wọ́n kó o, àti ọjọ́ tí ẹ mọ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tó yẹ kí ẹni náà ṣe lónìí, bóyá kó yí password padà tàbí kó pe báńkì rẹ̀, kó sì mọ irú ìpè tàbí ímeèlì ẹ̀tàn tó lè wá bá a. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ènìyàn gidi wà nídìí fóònù náà tó máa gbé e.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan